Oògùn Tó Gba Àwọ̀ Lára Mi

Nínú ìjọ wa, a kì í wọ bàtà wọlé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé arábìnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn mi ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà ní gìgísẹ̀ mi, kì í ṣe èmi. Lẹ́yìn ìsìn, nígbà tí gbogbo wa ń wá bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Mummy, nǹkan dúdú kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ó dà bí ìgbà tí yíǹkì bá ta síbẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé bóyá mo tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé kan ní Whalebone, àdúgbò kan ní London, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Orí ìdúró la máa ń wà láti àárọ̀ títí a ó fi fọ ìkòkò tó kẹ́yìn, kò sì sí ẹni tí ẹsẹ̀ kì í dùn láàárín wa. Dókítà àdúgbò tí mo fi í hàn ní kókó lásán ni, ó fún mi ní ìpara. Mo fi pa á títí, ó sì ń fẹ̀ sí i. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀ mi ni wọ́n tó gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò.

Jẹjẹrẹ ni. Dókítà àgbà tó sọ fún mi ní ọsibítù ṣàlàyé pé inú ohun tó ń fún ara ní àwọ̀ ni irú èyí ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo ní mo rò pé àwọn òyìnbó tó ń sùn sínú oòrùn ló ń ní i. Ó ní àwa náà ń ní i, pé lára tiwa, abẹ́ ẹsẹ̀ àti abẹ́ èékánná ló máa ń sá pamọ́ sí. Wọ́n gé nínú gìgísẹ̀ mi, wọ́n bu awọ itan mi lé e. Nígbà tí wọ́n wá fi ẹ̀rọ wo gbogbo ara mi, ó ti dé abẹ́nú itan, ó sì ti dé ẹ̀dọ̀fóró.

Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó ẹrù rẹ̀ wá sílé mi. Òun ló mú mi wá sí London ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, òun ló bá mi wá iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ó ń gbé ní Barking nítòsí ọjà, èmi àti ọmọ mi obìnrin sì ń gbé ní Dagenham East, ìrìn díẹ̀ sí ibùdókọ̀ ojú irin. Àwa méjèèjì péré la wà nílé náà, nítorí bàbá ọmọ náà ti lọ láti ìgbà tó wà ní kékeré. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí pálọ̀. Òun ló ń wẹ̀ fún mi ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ kan omi. Á jókòó sórí ìjókòó ilé ìgbẹ́, á gbé ẹsẹ̀ mi sórí itan rẹ̀, á fi ọ̀rá wé e kí ó tó da omi lé mi lórí. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń kà á mọ èyí nípa rẹ̀ kí n tó sọ ìyókù.

Nọ́ọ̀sì kan ló ń mójú tó àwọn tí wọ́n fẹ́ fún ní irú oògùn tí wọ́n yàn fún mi. Obìnrin òyìnbó ni, kì í yára sọ̀rọ̀. Ó jókòó tì mí, ó ní, "Ara yín ní ọmọ ogun tirẹ̀. Jẹjẹrẹ yìí ló dè wọ́n lọ́wọ́. Oògùn wa kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Ńṣe ló ń tú àwọn ọmọ ogun yẹn sílẹ̀."

Mo bi í pé, "Ṣé wọ́n á mọ ẹni tí wọ́n máa bá jà?"

"Nígbà mìíràn, wọn kì í mọ̀. Wọ́n lè kọjú sí ìfun, tàbí ẹ̀dọ̀, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí awọ. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ fún yín pé ẹ má fara da ohunkóhun. Tí ẹ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí èémí yín bá ń kúrú, tí orí bá ń fọ́ yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ pè wá lọ́jọ́ náà. Ẹ má dúró di ọjọ́ kejì, ẹ má sì wá oògùn sí i fúnra yín."

Ó fún mi ní káàdì kékeré kan tí mo gbọ́dọ̀ fi han dókítà yòówù tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn mí. Ó ní ọ̀pọ̀ ló máa rò pé oògùn jẹjẹrẹ tó ń jẹ́ kí irun orí já dànù ni mò ń gbà, wọ́n á sì tọ́jú mi lọ́nà tí kò yẹ. Mo ní mo ti gbọ́. Lóòótọ́ ni mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọ tó bá ń sọ pé inú ń run òun, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é.

Oògùn méjì ni wọ́n jọ ń fà sí mi lára bí ẹni fa omi. Ìgbà àkọ́kọ́, kò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sílé, mo sì jẹ ẹ̀bà. Lẹ́yìn ìkejì, ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi débi pé mò ń fi síbí họ ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi fi òrí pa mí lára. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀wà tí mo jẹ ni. Nígbà tí mi ò lè jókòó tán kí n tó dìde mọ́, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Ojú rẹ̀ tú ká.

Ó ní, "Àìsàn yẹn ló ń jáde. Má dá a dúró. Jẹ́ kó jáde tán."

Mo ní, "Àǹtí, nọ́ọ̀sì ní kí n pe àwọn."

"Kí wọ́n lè fún ẹ ní oògùn tí á dí i mọ́nú? Mu omi àdúrà yìí."

Mo mu ún. Kì í ṣe pé ó fi ipá mú mi. Èmi náà fẹ́ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo di aṣọ mọ́ ìdí lọ sí ìsìn, mo sì dìde jáde lẹ́ẹ̀mélòó kan nínú aṣọ funfun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni mò ń yà. Ọmọ mi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá mi ní ilẹ̀ ilé ìwẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi lórí táìlì nítorí pé ibẹ̀ tutù.

Ó bi mí pé, "Mummy, since when?"

"Kò tíì pẹ́. Àǹtí ní àìsàn ló ń jáde."

"Àǹtí kì í ṣe dókítà." Ó ti ń tẹ fóònù.

Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí síbí, ẹ ò mọ̀ ju kí ẹ máa pe nọ́ńbà lọ." Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ tì mí, ó ń ka ohun tí káàdì náà sọ fún ẹni tó gbé fóònù.

Ní ọsibítù, dókítà ọ̀dọ́ tó kọ́kọ́ rí mi fẹ́ fún mi ní oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró kí n máa lọ sílé. Ọmọ mi na káàdì sí i. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó jáde lọ pe àwọn tó ń tọ́jú mi. Ìgbà tó padà, ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Wọ́n fi sítẹ́rọ́ọ̀dù sí mi lára láti lè tẹ àwọn ọmọ ogun náà lórí ba. Wọn ò gbọ́. Ìfun mi ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ ní tirẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fa oògùn mìíràn sí i ni ó tó rọlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì wá bá mi nínú wọ́ọ̀dù. Ó dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kò jókòó.

Ó ní, "Ká ní ẹ pè wá lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilé lẹ ti máa lo tábúlẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ ló kù kí ìfun yín dá lu. Ẹ lè ti kú."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lápá kejì. Bóyá Gẹ̀ẹ́sì nọ́ọ̀sì náà kò yé e ni, àbí ó yé e, mi ò mọ̀. Ó ń bó ọsàn.

Mo padà sílé pẹ̀lú sítẹ́rọ́ọ̀dù tí mo gbọ́dọ̀ máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kìlọ̀ pé bí mo bá dá a dúró lójijì, ara mi lè dákú lé mi lórí. Oògùn náà sọ mí di ẹlòmíì. Mi ò lè sùn. Mò ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọmọ mi nítorí pé ó ti ilẹ̀kùn kíkankíkan. Ojú mi yí róbótó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún. Nígbà tí mo dé ìjọ, inú wọn dùn sí mi. Wọ́n ní mo ti sanra, pé ara mi ń dán. Wọ́n pè mí síwájú láti dúpẹ́, wọ́n sì jó yí mi ká. Mo dúró láàárín wọn, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń jó lé lórí, oògùn ló wú u.

Àwọn dókítà ní wọn ò lè fún mi ní ọ̀kan nínú oògùn méjèèjì mọ́ láé. Wọ́n ní ká máa bá ẹyọ kan lọ, ká sì máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, àwọn kókó inú ẹ̀dọ̀fóró mi ti sún kì. Ọmọ mi sunkún nínú ọkọ̀ ojú irin. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ létí ẹnu. Mo rò pé ọṣẹ eyín ni, mo nù ún, kò lọ. Ó gba ìpéǹpéjú, ó gba ìka ọwọ́ láti orí èékánná sókè. Irun ojú mi kan funfun báláú. Ní ilé ẹ̀kọ́, níbi tí mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kan na àwo sí mi, ó wo ọwọ́ mi, ó fa àwo rẹ̀ padà.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ fi í han nọ́ọ̀sì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ìyẹn sì bí mi nínú.

Ó ní, "Ó dùn mí pé ó ṣẹlẹ̀ sí ojú yín. Ṣùgbọ́n lára irú jẹjẹrẹ tiyín, àwọn tí èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, oògùn sábà máa ń ṣiṣẹ́ fún wọn. Ibi tí jẹjẹrẹ yín ti wá náà ni àwọ̀ yín ti wá. Àwọn ọmọ ogun yẹn ò mọ ìyàtọ̀."

"Ṣé yóò padà?"

"Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín. Irú rẹ̀ kì í sábà padà."

Ó júwe ìpara tí mo lè fi bò ó fún mi, àti èyí tí á máa gba oòrùn dúró lórí ibi tó funfun. Ìpara tí wọ́n ń tà kò bá àwọ̀ mi mu. Bí mo bá fi sójú, ńṣe ni mo dà bí ẹni tí wọ́n fi eérú pa.

Àsìkò ìkórè ìjọ wa súnmọ́ tòsí. Láti ọdún tí mo ti ń lọ síbẹ̀, èmi ni mò ń se ìrẹsì. Ìyá ìjọ, obìnrin tó ń ṣe olórí gbogbo àwa obìnrin, pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sínú mọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, ó ti wíńdò pa.

Ó ní, "Kì í ṣe èmi o. Àwọn èèyàn ló ń sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Kí ni wọ́n ń sọ, mà?"

"Àwọn kan ní o ti ń bóra tipẹ́, pé ó wá yíwọ́. Àwọn kan ń dárúkọ àìsàn kan tí mi ò fẹ́ fi ẹnu mi pè."

"Mà, kì í ràn. Oògùn ọsibítù ló fà á. Ẹ̀gbọ́n mi wà níbí, wọ́n gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ."

Ìyá ìjọ yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń tún ìdí gèlè rẹ̀ ṣe nínú díńgí kékeré tó wà níwájú. 

Ìyá ìjọ ní, "Mo gbà ẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá sè é, wọn ò ní jẹ ẹ́. Oúnjẹ Ọlọ́run á sì ṣòfò. Sinmi lọ́dún yìí. Kí o sì máa jókòó sápá ẹ̀yìn, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé."

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti ra àwo àti kọ́ọ̀bù tirẹ̀, ó kó wọn sínú báàgì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo bi í léèrè. Kò sẹ́.

Ó ní, "Mo gbọ́ pé kì í ràn. Mo gbọ́ ọ yé. Ọkàn mi ni kò gbà. Bí mo bá gbé oúnjẹ rẹ sẹ́nu, ọwọ́ rẹ ni mò ń rí."

"Ọwọ́ yìí lẹ ń fọ̀ fún mi nígbà tí ẹsẹ̀ mi ò gbọdọ̀ kan omi."

"Ó dúdú nígbà yẹn," ó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn ìkórè, ó ní òun ń lọ sílé, ní Ìjẹ̀bú, lọ wo Màámi, ìyá wa tó ti darúgbó. Mi ò tíì sọ òótọ́ fún Màámi rí. Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ni mo pè é, a sì kàn ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ni. Ní ọjọ́ kan, àwòrán ẹ̀gbọ́n mi hàn lórí fóònù mi, mo gbé e láìronú. Ojú Màámi ni mo rí, ó súnmọ́ fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò rí ju iwájú orí àti ojú kan.

Mo ní, "Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

Ó fa ojú sẹ́yìn. Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ta nìyí?"

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n jọ ń gbélé ni, mà. Àbúrò mi ti lọ síbi iṣẹ́."

Mo ní, "Màámi, èmi ni." Àwòrán kú.

Ọmọ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti dìde, ó fẹ́ pe wọ́n padà. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pè, ohùn nìkan, kò sí àwòrán.

Màámi ní, "Níbo lo gbé fóònù rẹ sí? Ẹnì kan ló gbé e. Ojú rẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ṣé ara ẹni yẹn yá?"

Mo ní, "Ara rẹ̀ ń yá bọ̀, mà."

Ó ní kí n má máa jẹun nínú àwo kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n parí oògùn náà fún mi, mo béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá mo lè rìnrìn àjò. Ó gbà, ó sì sọ ohun tí mo gbọ́dọ̀ ṣe bí ìgbẹ́ bá tún bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún, pé ó lè yọjú lẹ́yìn oṣù púpọ̀. Èmi nìkan ni mo lọ, torí ọmọ mi ò rí àyè níbi iṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, tó ṣì wà lọ́dọ̀ Màámi, kí n tó dé. Mi ò pa ìpara kankan sójú. Mo fẹ́ kí ìyá mi rí mi.

Wọ́n jókòó sí pálọ̀ nígbà tí mo wọlé. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màámi, èmi ni mo dé." Ó gbọ́ ohùn mi, ojú rẹ̀ tàn, ó na ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló wo ojú mi. Ọwọ́ náà dúró lójú òfuurufú, ó sì gbé e padà sórí itan rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo ti sọ fún ẹ pé kí o má wá." Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Màámi, láti orí gìgísẹ̀ dé orí ẹ̀dọ̀fóró. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó béèrè bóyá ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí. Ó sunkún díẹ̀, ó fi ìborùn nu ojú. Ó wá ní, "Bọ́ sẹ́yìn kọ́tíìnì yẹn."

Mi ò kọ́kọ́ gbọ́ ọ yé.

Ó ní, "Ìwọ ni. Mo gbọ́ pé ìwọ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo ojú yẹn, mi ò ní lè sùn. Bọ́ sẹ́yìn kọ́tíìnì, kí o máa bá mi sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀."

Mo dìde, mo lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé àpótí ìjókòó kan wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti bá ìyá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí mo lò nílé. Ó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ mi. Ó sọ ìtàn bàbá wa fún mi. Bí mo bá dákẹ́ jù, á pè mí, á ní ṣé mo ti lọ ni. Tí ó bá fẹ́ kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbọ́n mi á wá sọ fún mi, kí n lè wọ inú yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn.

Mo padà sí Dagenham. Mi ò lọ sí ìjọ náà mọ́, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó wá mi wá. Ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò kọjá ká kí ara wa lórí fóònù Màámi. Ìfun mi kò padà bọ̀ sípò tán. Bí mo bá fẹ́ jáde, mo ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ilé ìgbẹ́ wà.

Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ mí wò, dókítà yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí mi kí n lè rí i. Ó ní wọn ò rí jẹjẹrẹ kankan nínú ẹ̀dọ̀fóró mi mọ́. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo pe Màámi láti ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Ó ní, "Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi. Àwọ̀ rẹ ńkọ́?"

Mo ní, "Kò tíì padà, mà."

Ó ní, "Nígbà tó bá padà, kí o wá sílé. Mo fẹ́ rí ẹ kí n tó kú."

Mo ní mo ti gbọ́, mà.